Ìdérí Inú Agolo Àkànbí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, inú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ni mo wà. Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, wọn ò sì sọ ọjọ́ fún mi. Bí wọ́dà bá ti ń mi kọ́kọ́rọ́ bọ̀, kálukú wa á máa fetí sí i bóyá ẹnu ọ̀nà tòun ló máa dúró sí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n bu ẹ̀wà fún mi ju ti àná lọ. Dípò kí n jẹun, mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Kí ló dé tí wọ́n ń kẹ́ mi? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà ní àmujù, òun ló gbé mi dé ibí.

Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, mo kúrò l'Abẹ́òkúta wá sí Okokomaiko. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, mo to bẹ́ǹṣì síta, èmi àti Ìyá Bùnmi, ìyàwó mi, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíà. Àwọn dírẹ́bà, àwọn tó ń tajà l'Alaba, àwọn sójà orí omi láti Navy Town, gbogbo wọn ló ń yà sọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá lówó lọ́wọ́, a ń ta àwìn fún un. A kì í kọ ọ́ síbì kankan. Oníàwìn kọ̀ọ̀kan ló ní agolo mílíìkì tirẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìgò tó bá mu, màá ju ìdérí rẹ̀ sínú agolo náà. Ọjọ́ tó bá fẹ́ san, a ó da ìdérí sílẹ̀, a ó kà á níṣojú rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, òkè òkun ni àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ. Ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Jámánì, torí kò lọ́rọ̀ míì lẹ́nu. Á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, á ní:

"Ọ̀gá, ẹ ṣí méjì sí i. Ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀hún, owó òyìnbó ni màá fi san yín."

"Ìgbà wo lò ń lọ gan-an?"

"Ó ku físà."

Agolo rẹ̀ kún, mo fún un ní òmíràn. Nígbà tí n kò rí i mọ́, mo lọ bá onílé rẹ̀ ní Iba. Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Jámánì? Ó ti wà ní Jámánì! Owó ilé tèmi náà wà lọ́rùn ẹ̀. Àbí kó o wọ bàálù tẹ̀ lé e ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi korò bí ewúro. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹlòmíràn tún fi agolo kíkún sílẹ̀, ó gba Líbíyà lọ.

N kò ní purọ́ mọ́ èṣù. Èmi fúnra mi ni mo ronú pé kí n gba àdánù mi padà lọ́wọ́ àwọn tó kù. Dírẹ́bà kan ti mu yó lọ́jọ́ kan, mo bá ju ìdérí kan kún tirẹ̀. Ó san án, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Bùnmi rí mi.

"Bàbá Bùnmi, ìgò mẹ́rin ló mu. Márùn-ún lẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ta ló bi ẹ́?"

"Olè nìyẹn o."

"Àwọn tó gbé owó mi sá lọ ńkọ́? Kí lo pe ìyẹn?"

Ó pòṣé, ó wọlé lọ. Àtìgbà yẹn ni n kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, torí olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Bí oníbàárà bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àwìn rẹ̀ ti parí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gé irun tó mọ́, màá ní, "Ṣé kò sí o? Ṣé ìrìn àjò ni?"

Àkànbí jórinjórin ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń jó irin. Òun ló ṣe ilẹ̀kùn irin mi, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Síbẹ̀, bó bá ti mu mẹ́ta, n á ju mẹ́rin sínú agolo rẹ̀. Ojú mi ò tì mí.

Nígbà tó yá, kòròfo wọ́n. Ìgò òfìfo là ń pè bẹ́ẹ̀. Bó o bá dé ibi tí a ti ń ra bíà láìkó kòròfo dání, bó o lówó bí ilẹ̀, wọn ò ní tà fún ẹ. Tèmi ti fọ́, àwọn oníbàárà sì ti gbé òmíràn lọ. Ọjà tán lórí pẹpẹ, onílé fẹ́ lé mi, mo rí i pé ilẹ̀kùn fẹ́ tì. Mo pariwo láàárín èrò:

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá jẹ mí lówó, kó kó kòròfo wá! Ọ̀kan fún ìdérí kan, mo gbà á!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àkànbí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà Líbíyà ti là fún mi. Iṣẹ́ irin pọ̀ níbẹ̀."

Mo yíjú sí pẹpẹ. "Agolo ẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kà á."

Mo da ìdérí sílẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó wo ìdérí, ó wo ojú mi. Mo ń dúró kó jiyàn, mo ti mọ irọ́ tí n ó pa. Ó kàn ní:

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. N ò ní lọ láìsan án."

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá fẹ́ san gbèsè máa ń jiyàn lórí ẹ̀. Ẹni tó bá gbà wọ́ọ́rọ́wọ́ ti múra àtisá. Láti ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n ní àwọn rí i ní Ijanikin. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Mo lọ wo kòròfo díẹ̀ tó kù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó dà bíi pé ó ti dín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gba ilé rẹ̀ ní Iba lọ. Mo rí báàgì ìrìn àjò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún wọnranwọnran lẹ́yìnkùlé. Àkànbí ló ń bọ̀ láti ìdí kànga, ó gbé àpò lé èjìká, omi ń ro lára ẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀! Kòròfo mi ni!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ n gbé e dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Irọ́ lò ń pa! Líbíyà lò ń gbé e lọ!"

"Líbíyà kẹ̀? Kí ni n ó fi ìgò ṣe ní Líbíyà?"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín onílé Jámánì ni mo gbọ́ nínú ẹ̀. Ọ̀pá irin kan fara ti ògiri, irin iṣẹ́ òun fúnra ẹ̀. Mo fà á yọ, mo fi là á lórí. Kò tíì sọ àpò náà sílẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ṣadé, ìyàwó rẹ̀, sáré jáde, ó ké orúkọ rẹ̀, kò dáhùn mọ́.

Ní kóòtù, wọ́n tú àpò náà síwájú adájọ́. Wọ́n ti fọ ìgò kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní. Wọ́n kà á: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo gbé orí mi sísàlẹ̀, torí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló mu. Lọ́jọ́ náà ni Ṣadé sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi mọ̀ pé wọ́n fi mẹ́jọ kún un. Mo ní kó lọ bá wọn jà. Ó ní rárá, ó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́ kú, pé kí ni ìgò mẹ́jọ láàárín àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ irin ló lọ ń ṣe fún àwọn ará Ijanikin, kòròfo ló ní kí wọ́n fi san òun."

Ó yíjú sí mi. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín. Bí ẹnì kan bá rẹ́ yín jẹ, ẹ má lọ rẹ́ ẹlòmíràn jẹ láti fi gbẹ̀san. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú olè lẹ ó máa fi wo gbogbo ayé, ẹ ò sì ní dá ọmọlúàbí mọ̀ bó bá dúró níwájú yín. Ẹ má tọ ọ̀nà mi. Jámánì ṣì wà ní Jámánì, ó ń jẹ, ó ń mu. Ẹni tó fẹ́ san án ni mo pa.