Ojú-Ìwé Kejì Tí Mo Yọ Kúrò Lára Ẹ̀sùn Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí n kò tíì lè sọ fún àlùfáà wa. Ìyàwó mi kú ní ọdún tó kọjá. Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kú, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ló kù kí a ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀. Ọmọ wa yóò dìde níwájú gbogbo ìjọ, yóò sọ pé òun ti dárí ji màmá òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Iṣẹ́ rẹ́jísírà ilé-ẹjọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Èmi ni mo máa ń tọ́jú ìwé. Ọ̀tọ̀ ni ìwé tí a ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n mú àti ẹ̀sùn rẹ̀ sí, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí a ń kọ ìdájọ́ sí. Ìwé gbangba ni méjèèjì. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà béèrè lè gba ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo akọ̀wé tó bá dé ọ̀dọ̀ mi ni mo máa ń kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ fún ènìyàn ní ẹ̀sùn láìfi ìdájọ́ sí i lẹ́yìn. Kí ó fi píìnì gún méjèèjì pọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá mú ẹ̀sùn nìkan lọ, irọ́ ló mú lọ, bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Tísà ni mo ń pe ìyàwó mi, nítorí olùkọ́ ni nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun náà ń pè mí ní Rẹ́jísírà, àní ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni a kọ́lé sí. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Mọ́rèniké ni n ó pè é níhìn-ín, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí Mọ́rèniké wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó bá ọmọkùnrin kan pàdé. Ẹ jẹ́ kí n pe ìyẹn ní Tìmíléyìn. Ọmọ Efire ni, ní Wọ́tásáìdì, agbègbè olómi lẹ́bàá ọ̀sà. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di olùkọ́ ìṣirò. Apẹja ni bàbá rẹ̀, òun náà a sì máa bá bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi.

Àwọn òbí rẹ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan dání. Mo kí wọn dáadáa, mo sì jẹ nínú ẹja náà. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò ó pé lọ́yà tàbí dókítà ni yóò jókòó sórí àga àna nílé wa. N kò lè sọ ọ́ jáde, nítorí Tísà kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè nínú ilé.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í gba ìdáná láìṣe ìwádìí. A ó béèrè àìsàn ìdílé, a ó béèrè ìwà, a ó béèrè bóyá wọ́n ń jalè. Ẹlòmíràn a rán ẹ̀gbọ́n, ẹlòmíràn a rán alárinà. Ní ilé tiwa, Tísà ní, "Rẹ́jísírà, ta la tún fẹ́ rán? Ìwé lẹ fi gbogbo ayé yín tọ́jú. Ẹ lọ wò ó bóyá orúkọ ọmọ yìí wà níbì kan." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ẹ sáà má lọ wá orúkọ tèmi náà o."

Mo lọ sí ilé-ẹjọ́ kan ní apá Wọ́tásáìdì tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Obìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wà lórí àga mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba lẹ́tà mi, ó wò mí lójú.

Ó ní, "Bàbá, àna lẹ ń wádìí, àbí?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn tó ní ọmọbìnrin ló máa ń gbé irú ojú yẹn wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàbá tèmi ò mọ ọ̀nà ibí. Ọkọ mi ì bá ṣì máa wá ìyàwó kiri títí dòní."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé, orúkọ Tìmíléyìn sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti mú òun àti àwọn méjì mìíràn rí lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tó sọnù ní Òde-Omi. Olè jíjà ni ẹ̀sùn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i.

Obìnrin náà ṣí ìwé ìdájọ́. Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló wá sọ nílé-ẹjọ́ pé kò sẹ́ni tó jí i. Ó já bọ́ sínú ọ̀sà lọ́jọ́ tí ìjì jà, wọ́n sì rí i lábẹ́ òjúoró nígbà tí omi fà. Adájọ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láre. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ náà bú wọn mọ́.

Obìnrin náà ṣe ẹ̀dà méjèèjì, ó lu òǹtẹ̀, ó fi píìnì gún wọn pọ̀. Ó ní, "Ẹ̀sùn rèé, ìdájọ́ rèé. Bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi padà sílé ni mo ti yọ píìnì náà. N kò ronú pẹ́. Mo ká ojú-ìwé kejì, mo fi í sínú àpò àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi. Nígbà tí mo délé, mo fi í sínú fáìlì ìwé ìfẹ̀yìntì mi, níbi tí Tísà kì í fọwọ́ kàn.

Ẹ̀sùn nìkan ni mo fún un. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni mo kà á sí o." Mo ní ìwé kì í ṣe ojúsàájú.

Ní ilé wa, ìyá ló ń bá ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tísà ló sọ fún Mọ́rèniké. Tísà náà ló lọ sí Efire. Ẹ̀rù omi máa ń bà á gan-an, síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ní a kì í kọ ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù.

Nígbà tó padà délé, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó jókòó, ó ní, "Ìyá ọmọ náà kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, 'Ìyá, ṣé ẹ ka ìwé náà parí?' Rẹ́jísírà, ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ló parí sí."

Tìmíléyìn sọ fún Mọ́rèniké pé wọ́n dá òun láre. Nígbà tí Mọ́rèniké sọ ọ́ fún màmá rẹ̀, Tísà dá a lóhùn pé bí ìdájọ́ bá wà, bàbá rẹ̀ ì bá ti rí i. Ọmọkùnrin náà ní òun kò lè máa wọ ilé tí wọn yóò ti máa ṣọ́ ọwọ́ òun. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn báyìí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òde-Omi. Mọ́rèniké kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ, bóyá n kò ní kọ̀wé sí yín.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, Mọ́rèniké lọ sí ilé-ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó rí ìdájọ́. Ó tún gbọ́ pé ojú-ìwé méjì ni wọ́n fún mi. Ó pè mí láti ìgboro Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwé méjì lẹ mú délé?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n fún mi náà ni mo fún màmá rẹ."

Ó ní, "Màmá ló yọ ọ́ nìyẹn." Mo gbọ́ ọ kedere. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ ti kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò bú u rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ta sétí àwọn ará ìjọ. Ó máa ń pè é lọ́jọ́ ọdún, ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni ń kí aládùúgbò ni. Tísà a se ìkọ́kọrẹ́ bó bá ní òun ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a fi ọwọ́ ara wa jẹ ẹ́ tán, àwa méjì.

Nígbà tí àìsàn dá Tísà gúnlẹ̀, Mọ́rèniké wá sí ọsibítù. Ó wẹ̀ fún un, ó bọ́ ọ, kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tísà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Mọ́rèniké, ojú-ìwé kan ni mo rí."

Ọmọ ní, "Màmá, ẹ sinmi."

Tísà yí ojú sí mi. Ó ní, "Rẹ́jísírà, ẹ bá mi sọ fún un."

Mo ní, "Jẹ́ kí ara rẹ yá ná."

Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Mo ti ń tu ara mi nínú pé kò mọ̀. Mo ní ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ nínú ọkọ rẹ̀, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, mo ń kó àwọn aṣọ rẹ̀ jọ fún àwọn ìyá ìjọ. Mo rí ẹ̀sùn náà nínú Bíbélì rẹ̀. Ní igun òkè, níbi tí píìnì ti gún un, ihò kéékèèké méjì wà. Tísà ti fi gègé pupa fa ìlà yí wọn ká, bó ṣe máa ń fa ìlà yí àṣìṣe ọmọ ilé-ìwé ká.

Ojú-ìwé tó bá dá wà kì í ní ihò píìnì. Olùkọ́ ni. Ó ti rí i. N kò mọ ọdún tó rí i, ṣùgbọ́n ó rí i, kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó gba ẹ̀bi náà mọ́ra kí ọmọ má baà kórìíra mi. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kì í ṣe pé ó ń bẹ̀ mí kí n jẹ́rìí òun. Àyè ló ń fún mi kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ojú-ìwé kejì ṣì wà nínú fáìlì mi. Mo ti tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ihò wọn ṣe déédéé.

Mọ́rèniké ti kọ ohun tí yóò kà nínú ìsìn, ó fi í ránṣẹ́ sí mi kí n bá a tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó ní màmá òun jẹ́ ènìyàn rere tó ṣe àṣìṣe kan nítorí ìfẹ́, òun sì ti dárí rẹ̀ jì í. Ní ìsàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé, "Dádì, ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí n má baà ṣi màmá sọ." Àmì ohùn méjì péré ni mo tíì tún ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá a ní Ìbàdàn kí ọjọ́ náà tó pé, kí n kó ìwé méjèèjì lé e lọ́wọ́? Àbí èmi ni kí n dìde nínú ìsìn, níwájú àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ pé Tísà ló ba ti ọmọ rẹ̀ jẹ́? Òun nìkan ló kù fún mi láyé. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ló ti ń di ẹnu mi láti ọjọ́ yìí wá, Tísà ló sì san gbèsè rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tìmíléyìn àti àwọn òbí rẹ̀, bí wọ́n bá ka èyí. Mo jẹ ẹja yín, mo sì fi ọmọ yín ṣe olè.

Ní àárọ̀ yìí, Mọ́rèniké tún pè. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ti kà á parí?" Mo ní ó ku díẹ̀. Yóò tún pè lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?