Abọ́ Omi Tí Mo Fi Pa Òkè-Iyùn

Ẹ̀yin ará Ilẹ̀ Adágún, níbikíbi tí ẹ bá wà, ní Òsì, ní Ìlọ́fà, ní Èkó tàbí lẹ́yìn òkun, ẹ dẹwọ́ ariwo díẹ̀, kí òtítọ́ ráyè kọjá. Láti ìgbà tí eré dáìsì wa ti tún jáde nínú ìwé ni ẹ ti ń bú Bólúwatifẹ́ lórí gúrúùpù, pé ó ba ìtàn jẹ́, pé ó jí ìlú tó ti kú dìde. Èmi Olóyèdé ni mo kọ́kọ́ bú u. Èmi ni mo ní, “Ohun tí dáìsì bá ti sọ, kò sí ọmọ àná tó lè yí i padà.” Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ gba àtẹ́wọ́ yín padà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Irọ́ tèmi ti lé ní ogún.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilésanmí, bàbá Bólúwatifẹ́, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló dá eré náà sílẹ̀ nígbà tí a wà ní ilé-ìwé ní Odò-Ọwá. Tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, tí a ò ríbi lọ, gbọ̀ngàn ìjọ la máa ń kóra jọ sí. Ó ya Ilẹ̀ Adágún sórí páálí, oníkálukú wa sì tẹ ìlú tirẹ̀ dó síbẹ̀. Òun a máa sọ ohun tó dé bá wa, ọ̀dá, iwin, ogun. Àwa a sọ ohun tí àwọn èèyàn wa máa ṣe. Dáìsì a sì dájọ́. Òfin kan ló ṣe: ìlú tó bá ti jó, ó jó nìyẹn.

Ìlú tèmi ló kọ́kọ́ jó. Dáìsì tó mọ́ ló jó o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Òkè-Iyùn, ìlú Ṣubúọlá, kò jó. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wa, orí rẹ̀ sì pé ju tiwa lọ. Ó gbẹ́ kànga kí ọ̀dá tó dé. Ó ń fún àwọn iwin ní iyán jẹ títí wọ́n fi di ẹ̀ṣọ́ ìlú rẹ̀. Nígbà tí tèmi jó, ó ní, “Olóyèdé, kó àwọn ará ulé rẹ wá sọ́dọ̀ mi, àyè wà.” Inú rere ló fi sọ ọ́, èmi gbọ́ ọ bí èébú. Ìlara ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Dáìsì tí a ń lò, igi ni. Bàbá mi tó ń ṣe káfíńtà ló gbẹ́ ẹ fún wa nígbà tí ti lúdò sọnù. Mo gbẹ́ ìkejì rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Mo lu ihò sí ojú tó ní ẹyọ kan, mo ki òjé bọ̀ ọ́, mo fi àbẹ́là àti èédú dí i, kí ojú yẹn lè máa wà nísàlẹ̀, kí ẹẹ́fà máa wà lókè. Ilésanmí ti ní kí n máa ju dáìsì nípò àwọn ọ̀tá, torí ọmọ ẹni tó gbẹ́ dáìsì ni mí. Ọjọ́ tí ogun dé Òkè-Iyùn, ẹẹ́fà, ẹẹ́fà, ẹẹ́fà. Odi wó, eérú kún kànga. Ṣubúọlá kò sunkún. Ó wo dáìsì, ó wò mí, ó ní, “Ẹ bá mi bu omi wá. Igi máa ń léfòó. Tó bá ń gbé ojú kan náà sókè nínú omi, nǹkan wà nínú rẹ̀.”

Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dìde wàràwàrà, mo ní èmi á lọ bu omi. Mo mú dáìsì dání, mo ní kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á dà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ olè. Nídìí àmù ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbé abọ́ omi dé, mo sọ dáìsì tòótọ́ sínú rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, ojú tó wù ú ló ń gbé sókè. Ilésanmí ní, “Ṣubúọlá, omi ti dá ẹ lẹ́bi. Bẹ Olóyèdé.” Ó kọ̀. Èmi tún wá ní, “Ẹni tó lè purọ́ mọ́ ọmọ èèyàn nínú gbọ̀ngàn Ọlọ́run, kí ló máa ṣe níta?” Wọ́n lé e jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ṣubúọlá Abọ́-Omi, títí dé Ìdọ̀fin. Ó di olùkọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì mọ orúkọ náà.

Nígbà tí Ilésanmí kọ eré náà sínú ìwé, ẹ̀yin tí ẹ kà á wá sọ ìjóná Òkè-Iyùn di nǹkan mímọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù. Bólúwatifẹ́ tún eré bàbá rẹ̀ gbé jáde, ó ní ìlú tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kú, ẹ ya bò ó. Ẹnì kan nínú yín ní kí wọ́n dáná sun ìwé rẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn. Inú ń bí mi sí yín, inú sì ń bí mi sí ara mi jù. Ta ni nínú yín tó béèrè ibi tí obìnrin tó tẹ ìlú náà dó wà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ fọhùn lórí gúrúùpù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ Ilésanmí sílẹ̀. Kó yọ Òkè-Iyùn kúrò. Èmi ni mo jẹ̀bi látijọ́. Mo rò pé mo rí nǹkan lára dáìsì yẹn, ṣùgbọ́n omi kì í purọ́. Olóyèdé, dákun, má bínú sí mi mọ́.” Ẹ fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn. Èmi ò lè jẹun láti ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ ríran, mo sì mú kó má gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ìyẹn burú ju ìlú orí páálí tó jó lọ.

Bólúwatifẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí, má sì yọ ohunkóhun kúrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi èébú gbèjà ohun tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àgbà tí ẹ ń gbè lẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Bí a bá wálé fún Àjíǹde, gbọ̀ngàn ìjọ ni mo máa jókòó sí. Dáìsì olójèé náà ṣì ń bẹ nínú agolo ìṣó bàbá mi, màá mú un wá. Ṣubúọlá, o ò purọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o bu omi wá lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá ní kí n bá ọ gbé abọ́, má gbà.