Ẹní Tó Kúrú

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ìlú yìí kò tíì ju ahéré méje lọ, Oyèpọ̀ baba ńlá wa dé síbí, òun àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀ tó wà nínú oyún. Abẹ́ igi àràbà ni wọ́n ń sùn, òjò sì ń ṣú bọ̀. Ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo kì í dé iwájú Baálẹ̀. Oyèpọ̀ kò ní àgbò, kò ní obì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ní.

Ló bá gba etí odò lọ, ó gé ore, koríko tí à ń fi hun ẹní. Ó sá a, ó pa á láró, ó fi ń hun ẹní fún Baálẹ̀. Ó ń hun, ó ń súfèé. Ó ń hun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró ní, "Olówó orí mi, ṣé ẹ rántí pé òjò ń bọ̀?"

"Bí ara yóò ṣe tu ẹni tí yóò sùn lé e ni mò ń rò."

Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń ṣe ẹ̀bùn ti jẹ nínú adùn rẹ̀ kí ẹni tí a fún tó fọwọ́ kàn án.

Ó hun ún tán, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó bá a mu wẹ́kú. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn! Baálẹ̀ Lálékàn ga bí ọ̀pẹ. Oyèpọ̀ gbé ẹní náà lọ bá a. Bí Baálẹ̀ ti nà lé e lójú gbogbo ìlú, láti orúnkún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ sórí erùpẹ̀.

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín: "Àlejò, ẹní ìkókó lo gbé wá!"

Ojú ti Oyèpọ̀. Ó rí i pé ilẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó kúnlẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ara mi ni mo fi wọn ẹní yín."

Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ Baálẹ̀, ó tú etí ẹní, ó ń fi ore kún ore. Wọ́n sọ̀rọ̀ odò, wọ́n sọ̀rọ̀ oyún, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí ń ro Baálẹ̀. Kí oòrùn tó rọ̀, ẹní ti kọjá àtẹ́lẹsẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Ẹ̀bùn pọ̀ nílé mi. Kò sí ẹni tó jókòó tì mí ṣe ọ̀kan rí. Wá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi." Ilé ọ̀hún lẹ jókòó sí yìí.

Ìdí nìyí tí ọmọ Oyèpọ̀ kì í fi í parí ẹní ọrẹ láìsí ẹni tó ni ín níbẹ̀. Ore ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oore ni a fi ń parí rẹ̀.

Mojọyin, ìwọ tí ń relé ọkọ lọ́la, sún mọ́ mi. Na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa lórí ẹní rẹ yìí. Ó ku ìlà méjì.