Àyè Tí Èèyàn Lè Fò

Orí ìlà ni mo wà ní kẹ́mísì kan ní Festac nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ta sí mi létí, lẹ́nu obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ oògùn kan ní Mazamaza.

Èyí àbúrò ní, "Àǹtí, mo ṣáà fi àyè ìdáhùn tuntun sórí ìwé ẹrù inú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń kọ kí oògùn tó kúrò ní sítọ́ọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé, 'Ṣé inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà?'"

Èyí ẹ̀gbọ́n yínmú. "O káre, ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Ta ló dá ẹ lóhùn?"

"Àwọn tó ń di ẹrù ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, mà."

"Kọ̀ǹpútà sì jẹ́ kí wọ́n kọjá?"

"Mi ò sọ ọ́ di dandan. Mo rò pé wọ́n á ní mo ń yọ àwọn lẹ́nu."

"Háà! Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ wá jókòó sínú ọkọ̀ látàárọ̀, oòrùn sè é bí ẹ̀wà, torí ìwọ ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àyè tí èèyàn lè fò, ṣé àyè nìyẹn? Ọ̀ṣọ́ ni. Ọ̀ṣọ́ lásán!"

Àbúrò yọ fóònù, ó pe ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn pé bí wọn ò bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn, kí ìwé má jáde mọ́.

Nígbà tó kàn mí, mo béèrè abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ bàbá mi. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà bóyá inú fíríìjì ló ti wà látìgbà tó ti dé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.