Lẹ́tà Tí Mo Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ Kí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ìjọba Tó Gbéra

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ẹrù kan wà láyà mi tí mi ò rí ẹni bá mi sọ̀. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń yà sílé mi ní Ọ̀yọ́ níbí ni mo ṣẹ̀, kò sì mọ̀. Ó tún ń bọ̀ ní Sátidé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n kó wa jọ sẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ pé ká ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé ẹ̀rọ tó ń wo ojú ọjọ́ lọ sókè. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ọ́fíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ́fíìsì omi ẹ̀rọ ni wọ́n ti gbé mi wá, nítorí pé ìgbéga kàn mí.

Obìnrin kan ló mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múnírátù. Òun ló ń po epo tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń jó. Epo náà kì í ṣe olómi o. Wọ́n á pò ó, wọ́n á dà á sínú irin, á wá dì bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú abọ́. Ibi tútù ló gbọ́dọ̀ wà. Àwọn ọ̀gá wa lókè ra jíìpù tuntun, ṣùgbọ́n yàrá epo kò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Wọ́n dá ọjọ́. Wọ́n ti pe àwọn ọba, wọ́n ti pe oníròyìn, wọ́n ti háyà kánópì. Múnírátù wá bá mi.

"Ọ̀gá, epo yẹn ti sán nínú. Ẹ ò rí ẹ̀kọ tó sán rí ni? Bí iná bá wọ ojú sísán yẹn, gbogbo rẹ̀ á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká da òmíràn. Oṣù kan péré, sà."

Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Múnírátù, ẹ̀kọ ni ò bá kúkú máa tà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà lókè.

Nínú iṣẹ́ ìjọba, ọmọ iṣẹ́ kì í fo ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé. Ọwọ́ mi ni lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọwọ́ mi ló dé, ibẹ̀ ló kú sí. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mi ò fẹ́ ba ọjọ́ ńlá àwọn ọ̀gá jẹ́. Mo fi bírò pupa kọ K.I.V. sí i, bí a ti ń kọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ìyẹn ni pé kó ṣì wà níbẹ̀ ná. Mo buwọ́ lù ú, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Mo sọ fún Múnírátù pé mo ti fi ránṣẹ́.

Pápá kan lọ́nà Ìrẹsà ni wọ́n ti yìn ín. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, àwọn èèyàn hó yèè. Gbogbo wa ń wo òkè. Múnírátù nìkan ló ti sorí kodò kó tó bú gbàù. Kò ga ju ọ̀pẹ méjì lọ. Kò sẹ́ni tó kú, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n oko kaṣú bàbá àgbẹ̀ kan jó ráúráú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Èmi ni wọ́n pè, wọn ò pe Múnírátù. Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún wa. Mo ní rárá. Òun tó po epo ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì lé e. Mo sọ fún un pé mo jà títí, wọn ò gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ó gbà mí gbọ́.

Under G, ládùúgbò yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló wà báyìí, ó ń tún fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Síbẹ̀, oṣooṣù ló ń wọkọ̀ wá kí mi. Á yà ní ọjà Akẹ̀sán, á ra ẹja gbígbẹ, á fọ gbogbo ife tó bá nílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ gbèjà mi." Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń dìde lọ wá omi mu. Bó bá lọ tán, aago ara ògiri nìkan ni mò ń gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, ó ní wọ́n fẹ́ tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ gba òun padà, bí òun bá lè mú ẹ̀rí wá pé òun kìlọ̀.

"Bàbá, ta lẹ fún ní lẹ́tà mi nígbà yẹn? Ẹ bá mi rántí."

Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé, mi ò rántí nǹkan mọ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí iye ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ tí mo sè lọ́dún tó kọjá!"

Lẹ́tà náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Mo gbé e wálé lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Mo rò ó pé kí n purọ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, ṣùgbọ́n bírò pupa wà lára rẹ̀. Mo mú àlùmọ́gàjí kí n gé ibẹ̀ kúrò. Orí ìkìlọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo buwọ́ lù. Bí mo bá gé tèmi, tirẹ̀ náà á lọ.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá ti dé orí mi. Bí mo bá fún un ní ìwé yìí, iṣẹ́ rẹ̀ á padà, èmi á sì pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó ń kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, ṣé kí n jẹ́ kó wọlé jókòó kí n tó fún un, àbí kí n gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà, kó má baà kọ́kọ́ fọ ife mi?