Kíkí Tí Ará Èkó Mú Bọ̀

Láyé ìgbà tí àwọn tó ń dáná fún òyìnbó ní Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó èdè rẹ̀ bọ̀ wálé ní Rẹ́mọ, mo dúró ra obì ní Ọ̀fin, mo sì gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú wọn ń bá ìyá olóbì tó jẹ́ alárinà rẹ̀ sọ.

"Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Baba ní àwọn ò fún mi lọ́mọ mọ́."

"Kí lo ṣe?"

"Mo wọlé, mo nawọ́ sí wọn, mo ní, 'Gudu báì, Baba.'"

"Lórí ìdúró? O ò dọ̀bálẹ̀ fún àna?"

"Kíkí ọ̀làjú ni, Ìyá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọ̀gá mi òyìnbó ni. Ìgbàkígbà tí mo bá ti yọjú sí wọn, wọ́n á ní 'gudu báì', wọ́n á sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn."

"Háà! Òyìnbó ń lé ọ jáde, o ní ó ń kí ọ!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi òun.

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Padà lọ. Bọ́ bàtà, dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn, pa ẹnu mọ́."

"Tí wọn ò bá dá mi lóhùn ńkọ́?"

"Wà níbẹ̀. Tó bá sú wọn láti máa dá ọ kọjá, wọ́n á ní kó o dìde."