Àwọn Mẹ́tàdínlógún Tí Mo Fi Bíírò Pa

Fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ yẹn sílẹ̀ ná, àbúrò mi, kí o jókòó dáadáa. Dókítà tó ń tọ́jú mi báyìí ní ọkàn mi ti rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́run. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí o ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, tí mo sì ń dáhùn láìtijú.

Ṣé o rántí yàrá káàdì wa nílé ìwòsàn? Fèrèsé kan ṣoṣo, àpótí onírin tó ga kan àjà, òórùn ìwé gbígbẹ. Mo fẹ́ràn yàrá yẹn ju ilé ọkọ mi lọ. Dókítà Àgbà á máa súfèé bọ̀, á ní, "Ìyá Káàdì, ṣé ẹ ò tíì sọ mí nù?" A ó jọ rẹ́rìn-ín. Àárò ìgbà yẹn ṣì ń sọ mí, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Irú jẹjẹrẹ tó mú ọ lẹ́dọ̀fóró yẹn ṣọ̀wọ́n. Ọgọ́ta èèyàn péré ló ti bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Dókítà Àgbà fẹ́ mọ iye ọdún tí ẹni tó bá ní in lè lò láyé, kó lè máa sọ òótọ́ fún aláìsàn. Ó ní kí n wá gbogbo wọn kàn. "Ẹni tí ẹ kò bá rí, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí i. Ẹ má méfò o." Mo kọ lẹ́tà, àwọn mẹ́tàdínlógún kò fèsì. Ó yẹ kí n lọ kanlẹ̀kùn wọn. Òjò ń rọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọ̀lẹ ni, jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Mo ní ẹni tó ní jẹjẹrẹ tí kò wá mọ́, kí ló tún kù? Mo kọ "ó ti kú" sára káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Àwọn káàdì yẹn ni Dókítà fi ṣe ìṣirò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, awakọ̀ kan yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti sanra. Ọ̀kan nínú àwọn òkú mi ni. "Ìyá Káàdì, mo ní kí n yà kí yín ni. Ara mi ti le, kí ni mo tún ń wá ṣe lọ́sibítù?" Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé àwọn tí ara wọn ti yá ni kì í padà wá. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni o wá. Èmi ni mo gbé káàdì rẹ wọlé. Dókítà wo ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, n kò ní parọ́ fún ọ. Ọdún méjì, bóyá mẹ́ta." O wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ, yàrá mi lọ. Mo panu mọ́.

O tú ìgbéyàwó rẹ ká, o ní o kò fẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ, káfíńtà yẹn, fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sìnkú. O gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ fún ẹlòmíì, o jókòó, o ń dúró de ikú. Ọdọọdún tí o bá wá ṣe àyẹ̀wò, wàá yà sọ́dọ̀ mi, wàá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run tún fi ọdún kan kún un." Èmi náà á ṣe àmín. Dókítà Àgbà kú láìmọ̀.

Kò sí èyí tí a fi kún un, àbúrò mi. Tìrẹ ni gbogbo wọn látilẹ̀, èmi ni mo jí wọn. Dárí jì mí, bí o bá lè. Bí o bá sì fẹ́ bú mi, bú mi. Má ṣe dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́. Aṣọ tí o ń fọwọ́ rán fún mi yìí, bí o kò bá fẹ́ parí rẹ̀ mọ́, fi í sílẹ̀. N ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní alápá kan ṣoṣo.